Kílò Ogójì Tí Bẹ́ẹ̀dì Bektur Béèrè

Jipar ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bishkek? Ṣé iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́. Àlàáfíà la wà lábúlé, baba rẹ ń kí ọ, màlúù pupa ti bímọ, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Fọkàn balẹ̀ kó o tó ka ìyókù, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Bẹ́ẹ̀dì tó o fi ránṣẹ́ sí Bektur ọmọ rẹ dé. O ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ò ní gba ọmọ tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀já dè mọ́ inú bẹṣíìkì, ibùsùn ìkókó onígi, tí wọ́n sì ń mì kó tó sùn lọ́sàn-án, pé bí kò bá kọ́ bí a ṣe ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kí oṣù yìí tó parí, ọ̀dọ̀ wa ni yóò tún wà títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo mọ bó ṣe rí lára rẹ. Baba rẹ wá mú ìwé inú páálí, ó kà á bí ẹni ka ìwé ilé ẹjọ́: kílò ogójì. A gbé Bektur lọ sórí ìwọ̀n alápatà, kílò mẹ́tàlá péré. Àyà mi já. A bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní bọ́tà láàárọ̀, ọ̀rá àgùntàn lọ́sàn-án, odindi ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni mo sanra. Tíṣà Ayzada ló wá ń rẹ́rìn-ín tó ní ìwúwo tí bẹ́ẹ̀dì lè gbà kó má bàa kán ni, kì í ṣe iye tí ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀n kó tó gorí ẹ̀. Baba rẹ ní ẹni tó kọ ìwé náà ni kò mọ̀wéé kọ.

La bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sínú bẹṣíìkì, ó na apá méjèèjì gbọọrọ, ó ń dúró dè mí pé kí n wá de òun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó sì kù díẹ̀ kí oṣù parí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wà níta, mo wo bẹṣíìkì tó ṣófo, ẹ̀rù sì bà mí, o ṣáà mọ̀ pé àwọn àgbà ní kò dáa kó wà lófìfo, pé ó ń fa ibi wá bá ọmọ. Mo bá gbé ọmọ àgùntàn tí ìyá rẹ̀ kú, tí òtútù ń pa, mo dè é mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí Bektur wọlé, ó wò ó títí. Ó ní kí n rọra mì ín o, ọmọ ìkókó ni. Ló bá gun bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ó fa aṣọ bora, ó sùn. Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún mílíìkì, ọmọ àgùntàn yẹn ò gbà láti sùn níbòmíràn mọ́. Má fi í sínú fóònù. Èyí tó o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, baba rẹ gbọn fóònù títí, kọ́bọ̀ ò já bọ́.

Ó ku ọ̀kan. Láti ọjọ́ tó o ti gbé Bektur fún mi, bó bá jí, á ké, màá tú u, màá gbé e jáde. Lánàá, mi ò gbọ́ igbe kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi nídìí ààrò, ó jókòó sórí itan mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ yẹn jí tó sì wá mi wá.

Wá mú un. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa jí wá ọ wá láràárọ̀.

Ìyá rẹ,
Sayrakan