Ọjọ́ Tí A Ó Fọ Eegun Ìyá Rẹ

Efthalia ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Athens yẹn? Òtútù ò dà ọ́ láàmú? Kí Màríà Mímọ́ fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́, kí o má fẹsẹ̀ kọ lórí àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn lójoojúmọ́, kí o rí ojúrere àwọn ọ̀gá rẹ. Èmi náà ń bẹ, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. A ti ká ólífì tán. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ìkòkò ìyá rẹ ni mo fi ń gbe omi rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé ìyá rẹ ti pé ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀. Papa-Lefteris, àlùfáà wa, ní Sátidé àwọn òkú, kí ààwẹ̀ tó wọlé, ni a ó hú u jáde bí àṣà wa, ká fi wáìnì pupa fọ eegun rẹ̀, ká tò ó sínú àpótí. O mọ̀ pé iṣẹ́ obìnrin ni, ọmọbìnrin òkú ló sì ń fi aṣọ funfun gba orí rẹ̀ bó ṣe ń jáde nínú ilẹ̀. Ìwọ nìkan la bí.

Mo pè ọ́ títí, kò wọlé. Fotini àbúrò ìyá rẹ wá kọ́ mi bí a ṣe ń fi fóònù kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ. Háà, akọ̀wé rẹ mọ̀wà hù! Mi ò tíì gbé ìka kúrò tó ti dá mi lóhùn, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ó ní o rìnrìn àjò nítorí ìwádìí, wàá fèsì tí o bá dé. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó tún ní ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹni tó ń dúpẹ́ báyìí, ilé ire ló ti wá. Ni mo bá tú inú mi fún un. Mo sọ bí Polixeni ìyá rẹ ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú, tó sì ní a ò gbọdọ̀ pè ọ́, torí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò fún iṣẹ́. Mi ò sọ ìyẹn fún ọ rí. Fotini ń sọ kiri pé o ò wá sin ìyá rẹ, mo sì panu mọ́. Má bínú sí mi.

Àwọn ará ibí máa ń bi mí ní iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Mo ní ò ń wádìí àwọn obìnrin ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé ń fi òrìṣà sílẹ̀ fún Kristi, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, àti ẹni tó ní kí wọ́n má dé ibi pẹpẹ. Ọdún mọ́kànlá lo fi kàwé rẹ̀ o, síbẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà ọ́, bí alágbàṣe tó ń ká ólífì. Ó dùn mí.

Opó ayé ìgbà yẹn tó ń tan fìtílà ṣọ́ọ̀ṣì, Matrona, tí mo gbọ́ tí ò ń sọ ìtàn rẹ̀ nínú fóònù, ó pa mí lẹ́kún. O ní ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta kí a má baà gbàgbé rẹ̀. Mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ìyá rẹ fún àlùfáà pé kí wọ́n gbàdúrà fún àwọn méjèèjì. Wọ́n béèrè ìgbà tó kú, mo ní ẹgbẹ̀jọ ọdún, wọ́n ní Anestis, èyí á ti dé ibi tó ń lọ. Wọ́n ṣáà kà á.

Ní ti owó, o máa ń fi ránṣẹ́, o ṣeun. Lọ́tẹ̀ yìí, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo ti ta ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀, ọgọ́rin yúrò tó wà nínú àpò ìwé yìí, owó bọ́ọ̀sì rẹ ni, àlọ àti àbọ̀. Ọwọ́ rẹ méjèèjì ni mo ń tọrọ. Aṣọ tí ìyá rẹ hun de ìgbéyàwó rẹ ni mo yọ sílẹ̀ fún orí rẹ̀.

Tí àwọn ọ̀gá rẹ kò bá jẹ́ kí o wá, rán akọ̀wé rẹ sí mi. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Àmọ́ kì í ṣe òun ni Polixeni ń wo ẹnu ọ̀nà fún.

O ò ní rí ogun àìríṣẹ́ṣe. Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Ọmọ ni yóò gba orí rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Anestis