Aago Àmínátù

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Ara ń fu mí. Ilé-ìwé fún àwọn ọmọ ní aago tó ń ka ìṣísẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣeré ìdárayá. Tíṣà ní Àmínátù ọmọ mi ló ń rìn jù ní kíláàsì. Àmínátù tí kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Lónìí ni mo rí aago náà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń gòkè.

“Ìyàwó, àkókò ìrun ni mo fi ń wò,” ni wọ́n wí.

Ó ṣe mí bíi pé kí n gbà wọ́n gbọ́. Mo ti ń wọlé lọ kí wọ́n tó pè mí padà.

“Ṣé ọmọ wa ló ṣì ń ṣe ipò kìíní?”