Ẹni Tó Ń Kágò Nílé Ìwọ̀n

                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Lẹ́yìn Ilé Iṣẹ́ Tíì,
                                        Thyolo, Màláwì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Keje, 2023.

Tiyanjane, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún ti jẹ́ kí wọ́n sinmi? Àwa náà ń gbádùn níbí, àfi òtútù. Kùrukùru ti bo oko tíì débi pé mi ò rí ẹni tó ń kí mi lọ́nà mọ́. Ohùn nìkan ni mò ń dá lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Nakhumwa, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Má jáyà, ṣáà kà á dé ìsàlẹ̀.

O ṣáà mọ iṣẹ́ mi: èmi ni mò ń tọ́jú suwíìṣì, àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wa wọnú ẹ̀. Wáyà kan ò lè já níbẹ̀ kó má ránṣẹ́ sí fóònù mi, tó bá sì padà, á tún ránṣẹ́. Ọ̀rinrin wá ń yọ wáyà lẹ́nu, fóònù mi ń ké ṣáá bí ọmọ tí inú ń run. Ọ̀gá wa ní etí òun ti di, kí n fi asẹ́ sí i: tí iná bá lọ nìkan ni kó máa sọ, kó máa gbé ti wáyà mì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo jókòó tì í, a ti ń wá Bàbá Nakhumwa láti àárọ̀. Àwọn ló ṣọ́ géètì mọ́jú, àmọ́ wọn ò délé. Ìyàwó wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú abọ́ nsima tó ti tutù. Chisomo tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ọtí ló gbé wọn sùn níbì kan." Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Nakhumwa kì í mutí.

Mo ti to asẹ́ náà tán, ó ku bọ́tìnì kan kí n tẹ̀, ni fóònù bá ké. Wáyà ilé ìwọ̀n já. Ó padà. Ó já, ó padà. Ó já, ó padà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni.

Tiyanjane, gbogbo irun orí mi ló dìde. Ṣé o rántí Bàbá Namalomba tó máa ń wọn ewé tíì, tá a sin nígbà òjò? Wọn kì í lo fóònù. Tí wọ́n bá fẹ́ rí mi, wáyà ìwọ̀n ni wọ́n máa ń fà yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á ní àwọn ń ké "Odi!" sí mi ni, pé ọmọlúàbí kì í wọlé onílé láìkágò. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ajílẹ̀ la ń kó sílé ìwọ̀n yẹn.

Chisomo ní, "Ọ̀rinrin ni, jàre! Tẹ̀ ẹ́ ká lọ jẹun. Àbí o fẹ́ dá òkú lóhùn ni?"

Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Odini!" bí ìgbà tí mo bá ń ní kí àlejò wọlé.

"Yéè! O dá a lóhùn!" Chisomo ti fò dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹyẹ kì í dédé bà lé òrùlé. Mo dìde, mo wọnú kùrukùru, Chisomo ń ráhùn bọ̀ lẹ́yìn mi. Ilẹ̀kùn ilé ìwọ̀n kọ̀, nǹkan dí i látinú. Nígbà tí àwọn ọkùnrin tá a ké pè já a, àpò ajílẹ̀ ló wó bo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ dé ọrùn. Òtútù ni wọ́n wọlé lọ sá fún. Èémí wọn ò ju tín-ín-rín lọ.

Wọ́n yè é, ọpẹ́ ni. Lánàá mo lọ kí wọn ní ọsibítù, mo ní, "Bàbá, ẹ mà gbọ́n o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí fa wáyà."

Wọ́n ní, "Wáyà wo, ọmọ mi? Ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ àpò."

Mo ní bóyá ara wọn ò tíì balẹ̀ ni. Wọ́n tún ní, "Oorun ikú ti ń gbé mi lọ. Ohùn rẹ ló jí mi, létí mi báyìí, tó o ní 'Odini!'"

Láti ọ́fíìsì wa sí ilé ìwọ̀n, odidi oko tíì kan ló wà láàárín.

Mo ti fi asẹ́ náà sí i bí ọ̀gá ṣe fẹ́, àmọ́ mi ò fi sí ti wáyà ilé ìwọ̀n; ìyẹn ṣì lè ké sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí o, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ, kó o sì tètè wá wo ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Tó o bá dé ẹnu ọ̀nà mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ojú rẹ kó o tó ké "Odi".

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Alinafe.