Obìnrin Ṣakí Tí Mo Sọ Pé N Ò Mọ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru, ẹ kú iṣẹ́ kíká èso kajú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ni ẹ ń ṣáájú gbogbo ará ilé dé oko wa ní Besé láàárọ̀. Bàbá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó má fo ibì kankan o.

Ara mi le. Òtútù ìlú òyìnbó yìí ti mọ́ mi lára, iṣẹ́ tí mo rí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi sì ń lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo ti ń fi pamọ́ fún yín láti ọdún méjì.

Ṣé ẹ rántí obìnrin Ṣakí tó ń nu tábìlì níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun ní yunifásítì? Ó gbọ́ tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó dúró títí mo fi parí, ó ní èdè Ṣábẹ̀ ìlú wa nìyẹn, pé àtikékeré lòun ti ń tẹ̀lé ìyá òun wá ra iṣu lọ́dọ̀ wa. Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà mí lọ́mọ. Ó fún mi ní kóòtù. Nígbà tí mo sọ fún un pé faransé ni mo fi kàwé, pé gẹ̀ẹ́sì àwọn olùkọ́ ń yára ju etí mi lọ, ó ní kí n máa jókòó síwájú, kí n má bẹ̀rù.

Mo jókòó síwájú. Mo mọ gẹ̀ẹ́sì sọ, mo ní ọ̀rẹ́, mo sì fẹ́ jọ wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jẹun. Bí obìnrin náà ṣe rí mi, ó ju aṣọ ìnutábìlì sílẹ̀, ó ń jó bọ̀, ó ń fi èdè wa yìn mí, ó ní òun ti gbọ́ pé mo yege. Gbogbo ènìyàn yíjú wò wá. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ta ni. Mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Mo tún ní n ò gbọ́ èdè tó ń sọ.

Ìyá mi, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Ó wò mí, ó ní kí n má bínú, òun ṣì mí mú ni. Ó kó àwọn abọ́ iwájú wa, títí kan tèmi, ó lọ.

Ó yẹ kí n dìde. N ò dìde. Mo ní n ó bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Nígbà tó dọ̀la, ó kí mi bó ṣe ń kí àwọn òyìnbó, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí a ti ìsinmi Àjíǹde dé, wọ́n ní ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, wọ́n ní kò tilẹ̀ dágbére.

Àmọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá ní kí n bá yín kí i, mo máa ń ní ó kí yín padà. Irọ́ ni. Lóṣù tó kọjá, ẹ wá fi aṣọ rán ẹni tó ń bọ̀ láti Kútọnu, ẹ ní kí n fún ìyá tó bá yín tọ́jú mi. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Bí mo bá pè yín tí ẹ dákẹ́, n ò ní lè gbà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí ìyá aláwọ̀ dúdú kan ní ibùdókọ̀. Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo èrò, mo kí i ní èdè wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ará Gánà lòun, òun kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí n tún un sọ, pé ó dùn létí. Mo tún un sọ. Ẹkún gbà mí.

Ẹ bá mi kí bàbá wa, ẹ kí àwọn ará ilé ní àdúgbò Plátò, ẹ kí ìyá àgbà. Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí títí n ó fi fojú kàn yín. Bí inú bá bí yín, ẹ bínú, ó tọ́ sí mi. Kí ẹ ṣáà má sọ pé ẹ ò mọ̀ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé