Kánò Ni A Ó Kọ́kọ́ Dé

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi o. Yàrá iwájú ní Ṣàgámù ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí tí ẹ ó máa ṣa obì, tí ẹ ó máa dá rédíò lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ yín. Òórùn obì ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní. Èmi àti Jímọ̀, ọkọ mi, ń lọ ṣe ìsinmi lókè òkun nígbà òtútù wọn. Ó yẹ ká ti lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ fi wá sílẹ̀. Látìgbà náà, bó bá ti dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀, màá ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá tún múra ìgbádùn, ẹlòmíràn á tún lọ. Ǹjẹ́ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bà yín rí?

Lọ́dún yìí, Jímọ̀ ò gbà mọ́. Mo fẹ́ ká dé Ìsítáńbù, Búdápẹ́ẹ̀tì, Fiẹ́nà àti Pírágì. Ó ní ìyẹn ti di iṣẹ́ awakọ̀, pé inú ọkọ̀ ojú irin la ó ti lo ìsinmi tán. Ìlú kan tó ní yìnyín ti tó òun, kóun sùn, kóun jí, kóun tún sùn. A fà á títí, a yọ Pírágì kúrò, a fi ọjọ́ kún ti Fiẹ́nà. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ká sanwó bàálù, ẹ̀rù yẹn tún dé. Mo ní ká sún un síwájú, pé ta ni yóò dúró ti Màmá nínú ọyẹ́?

Màmá wà nítòsí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn ò gbójú sókè.

"Ọdọọdún ni bàbá yín ń ṣèlérí pé lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa bá wọn dé Kánò. Obì ò jẹ́ kí wọ́n ráyè títí wọ́n fi lọ. Ẹ má fi tiyín dọdún tó ń bọ̀."

N ò mọ̀ rí, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí ẹ kó obì lọ sí Kánò, tí ẹ ń mú dàbínù bọ̀ fún wa, mo rò pé Màmá ò fẹ́ràn ìrìn àjò ni. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń wù wọ́n tó? Ṣé ẹ máa ń rò ó lójú ọ̀nà?

Jímọ̀ wá ní Kánò ni ìlú àkọ́kọ́. A ó bá Màmá wọ bàálù lọ, a ó rìn yíká ibi tí ẹ ti ń tajà, a ó sì sìn wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní Ìsarà kí àwa tó kọjá sókè òkun. Èmi ni mo san gbogbo owó náà. N ò sún un síwájú mọ́.

Mo ra súwẹ́tà aláwọ̀ ewé fún Màmá lánàá. Wọ́n wọ̀ ọ́ bọ́ síta nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ní àwọn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Òógùn bò wọ́n, wọn ò bọ́ ọ. Àwọn aládùúgbò ń bi wọ́n pé níbo ni. Wọ́n ń fèsì pé Kánò ni, pé ọkọ àwọn ló ní káwọn máa bọ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti ń di ẹrù ìrìn àjò.