Àga Tí O Kò Yà

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ṣé ilé tí o ń sùn kò jò? Olúwa tó ń ṣọ́ wa á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ, ojú tí o fi ń yàwòrán kò ní rí ibi, ọwọ́ tí o fi ń yà á kò ní gbọ̀n, àmín. Àlàáfíà la wà níbí. Àǹtí rẹ, àbúrò mi, ṣì wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ó ń tọ́jú mi dáadáa, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kì í sinmi. Iṣẹ́ káfíńtà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Mo gba ẹrù ìwé tí o fi ránṣẹ́. Mo sì rí ìbéèrè rẹ, pé kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀, ṣé kí o máa bá ẹ̀kọ́ àwòrán yìí lọ ni, àbí kí o fi í sílẹ̀ kí o lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bí àǹtí rẹ ṣe ń pariwo. Má bínú pé èsì mi pẹ́. Ká ní mo dáhùn lọ́jọ́ tí mo tú ẹrù náà ni, ò bá ti máa palẹ̀ mọ́ bọ̀ wálé báyìí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fà yọ ni àwọn àpótí kéékèèké tí o yà tẹ̀léra, ọ̀kan funfun, ìkejì ṣú díẹ̀, títí tó fi dúdú bí ìdí ìkòkò. O ní pẹ́ńsù kan ṣoṣo lo fi ṣe é, ó sì gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan! Èmi á ti kan ilẹ̀kùn, mà á ti gbé e kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ọwọ́ rẹ tí olùkọ́ yín ní kí o yà láìwo ìwé. Yéè! Ìka wú, àtàǹpàkò ti lọ jókòó sí ọrùn ọwọ́. Àǹtí rẹ bú sẹ́kún, ó ní wọ́n ti ṣe ọmọ wa léṣe. Ìgbà tí télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa pè ọ́ lórí fóònù, tí o ní kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ rẹ, lara rẹ̀ tó balẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí o ṣì máa fi ìpara pa á láàárọ̀.

Àwọn àwòrán tí o fi sínú fóònù télọ̀, mo rí wọn. Ilà tí o fà gba ojú gbogbo èèyàn ibẹ̀ kọjá wú mi lórí gan-an. Télọ̀ ní fóònù òun ló fọ́. Mo ní kó má ṣe ìlara ọmọ mi.

Èyí tó wá bí mi nínú ni ti àga. Àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn fún ọ nígbà tí o ń lọ! O ní olùkọ́ ní kẹ́ ẹ má ya àga o, kẹ́ ẹ ya gbogbo ohun tó yí i ká. Mo wò ó, tàdáwà dúdú níbi gbogbo, àárín rẹ̀ ṣófo. Mo ní ẹ gbà mí, kí ni àga mi ṣe fún ọkùnrin yìí? Àbí wọ́n ti jí i gbé ni? Mo ti mú bírò láti kọ̀wé pé kí o máa bọ̀. Mo fi ìṣó kan àwòrán náà mọ́ ògiri, kí ẹni tó bá wọlé lè bá mi wo ìwọ̀sí náà, mo sì jáde lọ pọ́n ayùn mi.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, mo gbójú sókè, mo sì kígbe. Àga mi rèé! Òun gan-an, tòun ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó kúrú tí mo fi pátákó tẹ́ nídìí, tòun ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. O kò fọwọ́ kàn án rárá, ó wà níbẹ̀! Mo sún mọ́ ọn, mi ò rí i mọ́. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tún dé. Àǹtí rẹ ní kí n wá jẹun, mo tún sún mọ́ ọn.

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti sọ sí mi lọ́kàn. Ìwọ náà mọ̀ pé fọ́tò kan ṣoṣo ló yà láyé rẹ̀, lọ́jọ́ tí o jáde ilé-ìwé, bí onífọ́tò sì ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ló yíjú padà láti lé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ yẹn ló hàn kedere. Ẹ̀yìn gèlè ni tiẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ́kàn mi. Tí mo bá dijú, mo máa ń rí ẹ̀rín rẹ̀, mi ò ní rí imú. Ẹ̀rù ń bà mí. Tó bá wá lọ tán ńkọ́, ta ni mà á bi?

Èsì mi rèé: má fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Jókòó tì í kó yé ọ. Tí àǹtí rẹ bá pariwo, èmi ni mà á gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí mo sì ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o ya ìyá rẹ fún mi. Má yọ ara rẹ lẹ́nu lórí ojú rẹ̀, ohun tó yí i ká ni mà á sọ fún ọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á fara ti òpó ilẹ̀kùn, á fi ọwọ́ kan lé ìbàdí. Láti ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo máa ń rí garawa omi láàárín apá rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀, adìẹ á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ya garawa náà, ya adìẹ. Ya òpó náà, ìpara irun rẹ̀ ti fi àmì dúdú sí i níbi tó máa ń gbé orí lé. Àǹtí rẹ fẹ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù ká jà. Ya gbogbo ẹ̀, kí o wá fi àárín sílẹ̀ fún un.

Mo ti kan férémù, mo ti gbé e kọ́. Àwọn tó ń wọlé ń bi mí pé ta ló wà nínú rẹ̀, mo ní ó ń bọ̀. Gíláàsì rẹ̀ ló kù, agbára mi ò gbé e, jọ̀ọ́, bá mi wá nǹkan díẹ̀. Tó bá jẹ́ inú fóònù télọ̀ lo máa fi í gbà, bẹ àwọn báńkì kí wọ́n rọra tì í, kí gíláàsì tó fọ́ yẹn má lọ ya owó náà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o jèrè ojú rẹ, á jẹ́ kí o jèrè ọwọ́ rẹ. Ibi tí o bá fi sílẹ̀ kò ní ṣófo.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo fẹ́ gbàgbé. Okùn tó wà nínú àpòòwé yìí, má fi di ẹrù o, má sì gé e. Mo nà án láti ilẹ̀ dé ibi àmì orí lára òpó. Bí ìyá rẹ ṣe ga tó nìyẹn.