Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Ni Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Gbé Wá

Bàbá Ìtùnú,

Ẹ má tíì jẹun. Ẹ wo ike olómọrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí ná.

Ikọ́ ò jẹ́ kí Àdúrà, ọmọ-ọmọ yín, lè mí dáadáa láàárọ̀ yìí. Èmi àti Ìtùnú ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Yemetu. Nọ́ọ̀sì Sọ̀fíyàt, ti ilé ìlera ẹ̀yìn ilé wa, ti yà wò ó. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe itọ́ ni Dádì gbé wá fún wa lọ́jọ́sí?"

Ọ̀gá ilé ìwé bíi tiyín ò ṣáà lè wúkọ́ gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lójú ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì yín rí. Itọ́ tó mọ́ tónítóní lẹ rọra tu sínú ike, lẹ bá fi áńkáṣíìfù nu ẹnu. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí ikọ́ fée níbẹ̀, lẹ bá lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àyà yín náà ni Àdúrà ń sùn lé títí di àná.

Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Aláǹgbá nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì kàwé lọ́dọ̀ yín. Sọ̀fíyàt ń padà bọ̀ wá gbé ike náà. Ó ní èsì tiyín ló máa jẹ́ káwọn dókítà tètè mọ ohun tó ń ṣe ọmọ.

Ìtùnú ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń wọṣọ fọ́mọ. Bí ike bá ṣófo, mo máa sọ fún un.

Ìyá Ìtùnú